Ọdún Mẹ́ta Tí Mi Ò Fi Lọ́kọ Nínú Ìwé Owó-Orí

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Mo ra ìwé yìí lónìí ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, torí Lọ́yà ní kí n máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ẹ̀. Ó ní orí èèyàn máa ń gbàgbé. Mo fẹ́ sọ fún un pé orí tèmi kì í gbàgbé ẹni tó bá ṣẹ̀ mí, àmọ́ mo dákẹ́, torí wákàtí-wákàtí ni obìnrin yẹn fi ń gbowó.

Mo kó ìwé owó-orí ọdún mẹ́ta lọ fún un, èyí tí ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé ọmọ-ìlú ní kí n mú dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ó ṣí àkọ́kọ́, ó wò mí. Ó ṣí ìkejì, ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Ó ní, "Madam, ṣé ẹ lọ́kọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkọ mi ló gbé mi wá, òun ló wà nísàlẹ̀ tó ń wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí.

Ó yí ìwé náà sí mi, ó fi ìka sí i. Níbi tí wọ́n ti ní kí èèyàn sọ bóyá òun ti ṣègbéyàwó, wọ́n kọ ọ́ pé mi ò lọ́kọ. Ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá kọ ti ọkọ mi lọ́tọ̀: àpọ́n ni.

Torí pé mo fẹ́ ọmọ ìlú yìí, tí mo sì ti bá a gbé fún ọdún mẹ́ta, ni mo ṣe lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ọmọ-ìlú. Ìwé owó-orí wa wá ń sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Lọ́yà ní wọ́n lè lé mi jáde nínú ọ́fíìsì yẹn lọ́wọ́ òfo. Ó ní wọ́n tiẹ̀ lè gba ìwé ìgbélùú tó wà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n ní kí n máa lọ síbi tí mo ti wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ méjì ló kù kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò.

Akọ̀wé ló kọ gbogbo ẹ̀. Kò sí ẹlòmíì.

Ọjọ́ kẹrin

Mi ò sùn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lobìnrin ni Akọ̀wé. Èmi fúnra mi ni mo fún un lórúkọ yẹn lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ, torí ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé lórúkọ. Mo wá èyí tó máa dùn mọ́ ọn nínú, ó sì dùn mọ́ ọn lóòótọ́, torí gbogbo àdúgbò ló ń bá kọ ìwé owó-orí. Ká ní mo mọ̀ ni, Bà-mí-lórúkọ-jẹ́ ni ǹ bá pè é.

Lọ́dọọdún, á tẹ́ ìwé síwájú mi lórí tábìlì oúnjẹ ẹ̀, á fi ìka sí ibi tí màá fọwọ́ sí. Mo máa ń kúnlẹ̀ fọwọ́ sí i, màá ní ẹ ṣé mà. Ìyàwó wo ló máa jókòó ti ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀, tó máa sọ pé ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n kà á wò? Wọ́n á ní ìyàwó yìí ò fọkàn tán wa. Ìtẹríba ni mo fi tẹ ara mi pa.

Ọjọ́ kẹfà

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Á jẹ́ àṣìṣe ni."

Mo ní àṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹta? Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ìjà, pé òun máa bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀. Ló bá lọ fọ mọ́tò. Òjò ń rọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ

Aṣọ ibùsùn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá lónìí. Hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń fọṣọ kún. Èmi ń ti aṣọ bọnú ẹ̀rọ ìlọṣọ, Ẹlẹ́rìn-ín tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fà á lódìkejì, ooru ń jó wa lójú, mo sì ń ro ọ̀rọ̀ náà fún un láàárín ariwo. Ó rẹ́rìn-ín, torí ohun gbogbo ló máa ń fi rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé mi lọ́wọ́ mi, èmi ò ní bá a jà o. Ìjọba ni màá bá sọ̀rọ̀."

Ó ní fọ́ọ̀mù wà fún un. Ẹni tó bá ń kọ ìwé owó-orí fún èèyàn, tó ń gbowó, tí kò sì fi orúkọ ara ẹ̀ sísàlẹ̀, èèyàn lè fi í sùn. Mo mú ìwé mi jáde nígbà tá a fẹ́ jẹun, mo wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Orúkọ Akọ̀wé ò sí níbẹ̀.

Oúnjẹ mi dùn lónìí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ márùn-ún.

Ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ bá a nílé. Èrò ti jókòó lórí àtẹ̀gùn, kálukú gbé àpò ìwé sórí itan. Ó ń fi sítépúlà kan ìwé pọ̀, kò gbójú sókè. Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tó báyìí-báyìí, orúnkún mi ò tiẹ̀ fara kan ilẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"Ìyàwó, wọlé sí kíṣìnnì. Èrò wà níbí."

"Kí èrò gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta lẹ fi kọ ọ́ pé mi ò lọ́kọ. Ta ni mò ń se oúnjẹ fún?"

Sítépúlà dákẹ́. Àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn nàgà. Ó ní, "Bí wọ́n bá ní ká tún un kọ, màá tún un kọ. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní sọ ọ́."

"Ẹ ò ní sọ ọ́?"

"Mi ò ní sọ ọ́. Tó o bá fẹ́ bú mi, bú mi, kó o máa lọ."

Mo bú u. Mo bú u ní èébú tí mi ò mọ̀ pé mo ní nínú. Mo ní láti ìgbà tí mo ti wọlé lara ti ń ta á sí mi, mo ní ó fẹ́ fi ìwé lé mi nílé àbúrò ẹ̀ torí kò rí ẹ̀ṣẹ̀ tó máa fi lé mi. Ó nawọ́ gba àpò ìwé ẹni tó kàn. Èyí ló dùn mí jù.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gba fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn náà. Ojú ewé mẹ́ta. Ìwé ọ̀hún dán.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Akọ̀wé ti fún mi ní aṣọ tábìlì funfun kan lóṣù tó kọjá, pé kí n bá òun fi ẹ̀rọ hòtẹ́ẹ̀lì lọ̀ ọ́. Mo lọ̀ ọ́ lónìí. Mo lọ̀ ọ́ ní wíwọ́, mo fi ìlà mẹ́rin sí i tí ò bá ara wọn mu. Ooru ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ti ilé, àfi tó bá tún un fọ̀ kí ìlà yẹn tó lọ. Mo ká a dáadáa, mo fi rán ọkọ mi.

Ó kéré, mo mọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ọjọ́ ogún

Òtútù. Owó fọ́tókọ́pì ti gun òkè. Lọ́yà ní ọ̀nà kan ló kù: ká tún ìwé ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya, kí àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, ká san ìyókù tó bá yẹ ká san, kí ẹni tó ṣe é sì kọ lẹ́tà tó máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó ní, "Lẹ́tà yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà. Tí kò bá dá wọn lójú, ìyókù ò ní wúlò."

Mo ní ẹni tó ṣe é ò ní sọ̀rọ̀. Ó ní kí n wá ẹni tí kò lè fọ̀rọ̀ pamọ́ fún.

Mo pe Bàbá ọkọ mi. Mo ní mo fẹ́ kí ẹbí jókòó.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo parí fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn náà. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́. Ọkọ mi bi mí kí ni mò ń kọ, mo ní ẹ̀bùn ni.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo fẹ́ kọ èyí dáadáa kí n tó sùn.

Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tó máa ń jókòó sí, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀. Ọkọ mi mú àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Akọ̀wé dé gbẹ̀yìn tòun ti báàgì ìwé ẹ̀. Mo kí gbogbo wọn, mo dìde, mo to ìwé ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, mo sì gbé fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn lé e lórí.

Mo ní, "Bàbá, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, mi ò gbé ohùn sókè rí. Mo fẹ́ gbé e lónìí."

Bàbá ní, "Gbé e díẹ̀díẹ̀, ìyàwó. Etí yìí ti dàgbà."

Mo ro gbogbo ẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá lé mi nílùú yìí, kí n tó wọ ọkọ̀ òfurufú, màá ti rí i dájú pé Akọ̀wé ò ní fi bírò kan fọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni mọ́ láyé ẹ̀. Mo ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo wò ó lójú bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Akọ̀wé fa fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn náà, ó wọ gíláàsì, ó kà á láti òkè délẹ̀. Ló bá yọ bírò. Ó ní, "Ìyàwó, nọ́ńbà ilé tó o kọ síbí kì í ṣe tèmi. Ti tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni. Ìyá arúgbó yẹn ni wọ́n máa lọ mú." Ó tún un kọ, ó dá a padà fún mi.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Bàbá wá ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tó o fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bi mí, Bàbá."

"Mo ti bi ẹ́ ná."

Akọ̀wé wo àbúrò ẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ṣé wàá sọ ọ́ ni, àbí kí n bá ẹ sọ ọ́? Mo ti bá ẹ jẹ èébú yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tó gẹ́ẹ́."

Ọkọ mi wolẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó ní lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ òun ní kí òun ṣọ́ra, pé ìwé ni mo wá gbà, pé tí mo bá ti gbà á tán màá kó lọ, àti pé bí orúkọ wa bá wà pọ̀ nínú ìwé kan, màá pín ohun tóun ní sí méjì. Ó ní òun ní kí ẹ̀gbọ́n òun kọ wá lọ́tọ̀ ná. Lọ́dún kejì, ó ti mọ̀ pé mi ò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú ń tì í láti ní kó yí i padà.

Mo ní, "Ọdún kẹta ńkọ́?"

Ó ní, "Mo gbàgbé."

Mo jókòó. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ẹni tí mò ń bá jẹun, tí mò ń gbàdúrà fún kó tó gbé bọ́ọ̀sì jáde láràárọ̀, òun ló kọ mí sílẹ̀ nínú ìwé kí n tó mọ̀ pé mo ṣẹ̀. Tó bá ní torí ìbẹ̀rù ni, mo lè gbọ́. Ó gbàgbé!

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mi ò bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo se oúnjẹ àpọ́n fún un: búrẹ́dì àná, ẹyin kan, omi. Mo gbé abọ́ kan àti ṣíbí kan sórí tábìlì, mo gbé tèmi wọ yàrá. Mo ti kó gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó wa kúrò lára ògiri, ìṣó nìkan ló kù. Nígbà tó wọlé tó rí i, mo ní, "Káàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àpọ́n."

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, "ẹ" ni mo fi ń pè é. Mo ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. "Ìwọ" ni báyìí, bíi ti ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn lójú ọ̀nà.

Ó ní, "Ó tọ́ sí mi." Mo ní kó má tètè gbà bẹ́ẹ̀ o, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ẹlẹ́rìn-ín ní kí n kó wá sọ́dọ̀ òun, yàrá kan ṣófo. Ì bá dùn mọ́ mi! Mo tiẹ̀ ti gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀. Mo pe Lọ́yà kí n tó di ẹrù, ó pariwo sí mi létí: a gbọ́dọ̀ máa gbé pọ̀ bíi tọkọtaya títí tí wọ́n á fi parí ọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá kó jáde lónìí, irọ́ tí ọkọ mi ní kí wọ́n kọ á di òótọ́, èmi sì ni ìlú máa lé.

Mo gbé àpótí padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ń hanrun bí ẹni tí ọkàn ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ karùn-ún

Akọ̀wé ní kí n wá. Tábìlì oúnjẹ kan náà. Ó ti tún aṣọ tábìlì yẹn fọ̀, kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Àbúrò mi ni, mo rò pé mò ń ṣọ́ ọ ni. Mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ o, má retí ẹ̀. Mú ìwé owó-oṣù ti oṣù kẹsàn-án wá."

A ṣe é láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ní gbogbo ojú ewé, á ní kí n kà á sókè kí n tó fọwọ́ sí i. Bí mo bá sáré kà á, á ní, "Padà. Ta ló ń lé ẹ?" Níbi tí wọ́n ti bi wá bóyá a ti ṣègbéyàwó, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ kí n kà á. Kó tó kan ìwé náà pọ̀, ó kọ orúkọ ara ẹ̀ sísàlẹ̀. Gàdàgbà.

Mo fa fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn yẹn ya níwájú ẹ̀. Ó ní mo ti ń da ilẹ̀ òun rú.

Ọjọ́ kẹwàá

Lẹ́tà. Ọkọ mi ló máa kọ ọ́ báyìí, torí òun ló ṣe é. Ó kọ àkọ́kọ́, ó ní "àṣìṣe kan wáyé." Mo fà á ya. Ó kọ ìkejì, ó ní "èdè-àìyedè." Mo fà á ya. Mo ní kó kọ ọ́ pé, "Mo purọ́, ìyàwó mi ò mọ̀."

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn le."

"Ṣé nígbà tó o pa á, kò le?"

Ó ní bí ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì bá gbọ́ pé òun purọ́ fún ìjọba, wọ́n lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun. Mo ní mo mọ̀. Mo fa ìwé sún mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ tán níwájú mi, ó fọwọ́ sí i, inú mi sì dùn. Mi ò ní purọ́ nínú ìwé ara mi: inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n ti gba gbogbo ẹ̀ ní ọ́fíìsì owó-orí, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. A ti san ìyókù. Kóòtù òtútù tí mo fẹ́ rà ti di ti ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Yàrá kékeré ní ọ́fíìsì ọmọ-ìlú, tábìlì kan, fèrèsé tí wọn kì í ṣí. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ni wọ́n ní kó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, ó ń fi áńkáṣíìfù nu imú. Ó ka lẹ́tà ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ní, "Ta ló fọwọ́ sí ìwé àkọ́kọ́ yìí?"

Mo ní, "Èmi ni. Mi ò kà á. Mo ti ń kà á báyìí."

Ó bi mí pé ta ló ń kọ́kọ́ jí nínú wa, pé kí ni ọkọ mi jẹ láàárọ̀ yìí. Mo ní búrẹ́dì àti omi. Ó ní ṣé bó ṣe máa ń jẹun nìyẹn? Mo ní rárá, láti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá ni.

Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà náà, ó tún wò mí. Ó ní, "Èyí tí mo fẹ́ bi yín yìí ò sí nínú fọ́ọ̀mù o. Ṣé ẹ ti dárí jì í?"

Lọ́yà ti kọ́ mi ní ohun tí màá sọ sí gbogbo ìbéèrè, kò kọ́ mi ní èyí. Mo ní, "Rárá, sà."

Ọkùnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń wá àwọn tó ń fi ìgbéyàwó purọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bínú tó báyìí." Ó fa òǹtẹ̀ sún mọ́ra.

Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo fọ ojú, mo jáde. Ọkọ mi dìde. Mo ní, "Wa mọ́tò."

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Mo búra láti di ọmọ ìlú yìí lónìí, èmi àti èèyàn bí ọgọ́rin. Oòrùn yọ. Kò sẹ́ni tó lè fi ìwé halẹ̀ mọ́ mi mọ́ láyé, kò báà jẹ́ nínú ilé tàbí níta.

Láti ibẹ̀, a kọjá sí ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn mi, ó bá mi gbé báàgì, ó ń wo bí mo ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù. Mo kà á láti òkè délẹ̀ kí n tó fi bírò kàn án. Ní ojú ewé kejì, wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè tí nǹkan bá ṣe mí lójú ọ̀nà. Mo kọ orúkọ Akọ̀wé síbẹ̀ ní kíkún.

Ó rí i. Ó ní, "Èmi ńkọ́?"

Mi ò yíjú padà. Mo ti pa nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rẹ́ nínú fóònù mi lọ́jọ́ tí mo bú u, òun sì mọ̀ ọ́n sórí. Mo ní kó pe nọ́ńbà náà fún mi kí n kọ ọ́. Ó pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́. Nígbà tó pè é tán, mo ní kó tún un pè láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má lọ di pé àṣìṣe kan wáyé.